Kùdírátù Olóòyà àti Àkọ́tà Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún kẹrin tí àwọn ológun ti gbé ìjọba fún alágbádá, bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ọjà ẹran ní Oko Ọba, Agége, kọjá, imú yín ni yóò kọ́kọ́ pàdé Kùdírátù kí ojú yín tó rí i. Ìwo màlúù ló ń sè nínú ìkòkò irin ńlá. Ìwo tí a ń sè kì í ṣe ọbẹ̀ o. Bí irun tó jó ni òórùn rẹ̀ rí, kò sì sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Àwọn aládùúgbò ti pariwo títí ó ti rẹ̀ wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ òórùn náà mọ́.

Bí ìwo bá ti rọ̀, á là á, á fi irin tẹ̀ ẹ́ kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, á fi ayùn gé e, á wá fi fáìlì yọ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di òòyà. Lẹ́yìn náà ló máa gbé e sídìí ẹ̀rọ ìdán. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń dùn mọ́ ọn. Àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ oyin tó fara pamọ́ sínú ìwo á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, òòyà á máa dán gbinrin, Kùdírátù á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ ní òun nìkan.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí, Abdulmumin, tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Múmíìn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bọ́tìnnì ní Ìlúpéjú, ìdí ẹ̀rọ ìdán yìí kan náà ló sì jókòó sí láti ọjọ́ tó ti wọ ibẹ̀. Nígbà tí bọ́tìnnì òkè òkun kún ọjà, tí iná NẸ́PÀ sì di àlejò, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà tì í pa. Wọn kò rówó san fún òṣìṣẹ́, wọ́n ní kí olúkúlùkù mú ohun tó bá rí nínú ẹrù tó kù. Àwọn kan gbé fáànù, àwọn kan gbé àga. Kùdírátù háyà ọmọlanke, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù.

Ẹ̀rọ yìí ni gbogbo ohun tó ní láyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí ó lè yé wa: bí a bá gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Kùdírátù, ó ku obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ tí kò sì rí ibi tí yóò ti ṣe é. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bàbá Dàwódù, ọkùnrin àgbàlagbà tó ń ṣe èèkù ọ̀bẹ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó ta ẹ̀rọ náà fún òun, ó ní, “Bàbá, ẹ tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mi.”

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń ra òòyà. Òòyà rọ́bà tó ti òkè òkun wá kò tó owó búrẹ́dì kékeré. Ọmọge wo ni yóò fẹ́ fi ìwo màlúù yarí? Àwọn tó ń ta ère fún òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ikeja nìkan ló máa ń gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tó lọ kó owó rẹ̀, ó rí òyìnbó kan tó ra òòyà òun ní ìlọ́po mẹ́rin iye tí òun tà á, tó sì ń dúpẹ́. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Agége. Bó ṣe ń rìn ló ń rò ó pé kí ni yóò gbé òun dé ọ̀dọ̀ òyìnbó láìsí alárinà.

Ohun tó gbé e débẹ̀ ni Olútóyìn. Ọmọ Èkìtì ni Olútóyìn, ẹni ọgbọ̀n ọdún, òun ló ni kafé kan lókè ilé alájà kan ní Ikeja: kọ̀ǹpútà mẹ́jọ, mẹ́ta nínú wọn ń ṣàìsàn. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló máa ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí wọ́n ṣe lè fi íńtánẹ́ẹ̀tì ta ọjà. Kùdírátù jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ Àǹtí Tóyìn ló ń pè é, ẹ ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá kọ́ni níṣẹ́ ti kúrò ní àbúrò.

Olùkọ́ gidi ni Tóyìn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n ya àwòrán ọjà wọn lójú mọmọ, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Kí wọ́n gbé e sórí aṣọ tí kò ní òdòdó lára. Kí wọ́n sọ bó ṣe gùn tó àti ohun tí wọ́n fi ṣe é, torí ẹni tó wà lókè òkun kò lè nawọ́ kàn án. Bí kọ́sítọ́mà bá kọ̀wé láàárọ̀, kò gbọ́dọ̀ sùn kó tó rí èsì. Ẹni tó bá ń dá ṣiṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé òun ní òṣìṣẹ́ àádọ́ta. Kùdírátù gba gbogbo rẹ̀ sórí bí ọmọ ilé kéú.

Ìgbà tí wọ́n ń kọ ìtàn ara rẹ̀ sójú ewé tí Tóyìn ṣí fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó ya á lẹ́nu. Ó ní kí Tóyìn kọ ọ́ pé opó ni òun.

“Háà! Ìyá Múmíìn, ẹ má ṣe é o,” Tóyìn dáhùn. “Àwọn ọmọ fọ́-wàn-náìn ti fi opó ba ayé jẹ́. Gbogbo òyìnbó ló ti gba íméèlì opó láti Nàìjíríà. Tí wọ́n bá rí opó báyìí, sísá ni wọ́n á sá.”

“Ṣé kí n wá jí ọkọ mi dìde ni?”

“Ẹ kàn dákẹ́ nípa rẹ̀ ni.”

Ó dákẹ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ọkọ rẹ̀ kú lóòótọ́, òun ló sì ń fi ìtìjú pa á mọ́ torí ọ̀rọ̀ àwọn olè.

Ó wá ku iye owó. Tóyìn fẹ́ kí wọ́n kọ iye òòyà kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àwòrán rẹ̀. Kùdírátù ní, “Àǹtí Tóyìn, ta ló ń kọ iye ọjà sójú ọjà? Tó bá wù wọ́n, wọ́n á béèrè, a ó sì jọ ná an.” Tóyìn rò ó wò. Iṣu ni ìyá òun náà ń tà ní Ìkẹ́rẹ́, kò sì kọ iye sára iṣu rí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ mọ iye kọ̀wé.

Oṣù kìíní kọjá, ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé. Oṣù kejì kọjá. Kùdírátù ń san owó wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti wá wo àpótí ìwé tó ṣófo. Lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹta, lẹ́tà kan wọlé. Obìnrin kan ní Họ́láńdì tó ń ta ohun ìṣaralóge irun ló kọ ọ́, ó ń béèrè iye tí òun lè ra ogún òòyà. Kùdírátù ní kí Tóyìn kọ dọ́là mẹ́rin mẹ́rin sí i. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ná an dé mẹ́ta, èrè tó dára wà níbẹ̀.

Èsì dé ní ọjọ́ kejì. Obìnrin náà ní òòyà wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ó wọ́n ju agbára òun lọ, ó dúpẹ́, ó dágbére.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tajà rí, ẹ mọ ohun tó ṣẹ̀lẹ̀ nínú Kùdírátù. Kọ́sítọ́mà àkọ́kọ́ ń lọ. Ó ti kẹ̀yìn sí ìsọ̀. Bí a bá jẹ́ kí àkọ́tà lọ lọ́wọ́ òfo, ọjà ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́, ta ni kò mọ̀ ọ́n? A ó pè é padà ni, a ó tà á fún un bí kò tilẹ̀ pé owó wa, kí ajé lè wọlé tọ̀ wá.

“Ẹ pè é, ẹ tètè pè é!” Kùdírátù ké, bí ẹni pé obìnrin náà ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kafé. “Ẹ ní kó san méjì. Ẹ sọ pé owó póòsì tí ẹrù máa fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Ènì rẹ̀ nìyẹn.”

Tóyìn wò ó. “Méjì, tòun ti póòsì? Ṣé ẹ ti ṣírò ẹ̀?”

“Àkọ́tà ni, Àǹtí Tóyìn.”

“Ọ̀rọ̀ yẹn náà tọ̀nà,” ni Tóyìn wí, ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ọlọ́jà ni àwọn méjèèjì. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó rántí pé àkọ́tà tí a bá fi ẹnu sọ, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ kí ọ̀sán tó pọ́n, àmọ́ èyí tí a bá kọ sílẹ̀ yóò máa wà níbẹ̀ ni.

Owó ogún òòyà dé. Kùdírátù gbà á ní báǹkì, ó gbé e délé, ó fi owó náà kan gbogbo òòyà tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ajé, wọlé, jókòó.” Ó pàdánù díẹ̀ lórí ọjà yẹn, kò sì ka ìyẹn sí.

Ajé sì wọlé lóòótọ́. Ó wọlé bí omi òjò ṣe ń wọlé.

Àwọn obìnrin kan wà ní òkè òkun tí wọ́n máa ń dá irun sí títí yóò fi dé ìdí, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn kì í sì í fi rọ́bà yarí torí pé ó ń já irun. Inú ẹgbẹ́ yìí ni obìnrin Họ́láńdì wà. Nígbà tí òòyà rẹ̀ dé, ó yìn ín fún wọn dé góńgó. Ó sọ fún wọn pé olóòótọ́ obìnrin kan wà ní Nàìjíríà tó ń ta òòyà ìwo tí kò lẹ́gbẹ́, dọ́là méjì péré, tòun ti póòsì. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nínú wọn ló ní àwọn fẹ́. Obìnrin náà, ọlọ́kàn rere, gba owó gbogbo wọn jọ, ó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì wọn tẹ̀ lé e: òòyà igba ó lé mẹ́wàá, kí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan dé ilé rẹ̀.

Kùdírátù kò tíì rí irú owó yẹn lẹ́ẹ̀kan náà rí láti ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé. Ó san owó ìdánwò Múmíìn. Ó san owó ṣọ́ọ̀bù. Ó ra ìwo kún ilẹ̀. Ó dìgbà tó ṣe ọgbọ̀n àkọ́kọ́ tán, tó kó wọn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, kí akọ̀wé ibẹ̀ tó wọn ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì sọ iye rẹ̀ fún un.

Kùdírátù ní kí arábìnrin náà tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n. Ogún òòyà nínú páálí kan sí ilé kan, ọ̀tọ̀ ni. Òòyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ilé kọ̀ọ̀kan nínú ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ọ̀tọ̀ ni. Owó póòsì nìkan ju gbogbo owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ, ìdajì owó náà ò sì sí nílẹ̀ mọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà, ó gba kafé lọ.

“Ẹ bá mi kọ̀wé sí wọn,” ó wí fún Tóyìn. “Ẹ ṣàlàyé pé àkọ́tà nìyẹn, pé kì í ṣe iye ọjà gan-an.”

Tóyìn fi wákàtí kan wá bí yóò ṣe ṣàlàyé àkọ́tà fún ẹni tí kò ná ọjà rí. Gbogbo bó ṣe kọ ọ́, ńṣe ló dà bí irọ́. Báwo ni ọjà kan náà yóò ṣe jẹ́ méjì fún ẹnì kan, kó jẹ́ mẹ́rin fún ẹlòmíràn, nígbà tí ẹni kejì ti sanwó? Níkẹyìn wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi owó póòsì kún un.

Èsì obìnrin Họ́láńdì kò gbóná, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Ó ní òun kò lóye. Ó ní, “Ìwọ lo sọ pé owó póòsì wà nínú rẹ̀, lẹ́tà rẹ wà níwájú mi báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi owó ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Èmi ni mo dúró fún ọ.” Nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ti da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ náà kọ: “Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ó rí i, wọ́n á tún béèrè owó sí i.”

Tóyìn ka èyí fún un ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Kùdírátù jókòó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Òun, tí kò fi ọwọ́ kan nǹkan oníǹkan rí! Òun tó fi ọkọ rẹ̀ tó kú pamọ́ kí wọ́n má baà pe òun lólè!

“Kí ni ẹ rò pé ká ṣe?” ó béèrè.

“Ìyá Múmíìn, mi ò ní tàn yín. Tí ẹ bá tún béèrè owó kankan sí i, olè ni wọ́n máa pè yín. Tí ẹ ò bá fi ọjà ránṣẹ́, olè náà ni. Èmi náà jẹ̀bi. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.”

Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Kó dá owó padà? Ó ti ná ìdajì rẹ̀. Kó pa kafé tì, kó má débẹ̀ mọ́? Ta ni yóò mú un láti Họ́láńdì? Èrò yẹn wá sọ́kàn rẹ̀, mi ò ní bò ó fún yín, ó tilẹ̀ bá a gbé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó dá iná sábẹ́ ìkòkò.

Oṣù méjì ló fi ṣe òòyà tó mọ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan tí òun bá parí ń jẹ nínú owó òun. Láyé, mi ò mọ iṣẹ́ tó wúwo ju ìyẹn lọ. Kò sí iná NẸ́PÀ, epo jẹnẹrétọ̀ sì tún gbówó lórí láàárín oṣù yẹn. Ó ń jí, ó ń gé ìwo, ó ń yọ eyín, kò sì lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, torí bí òòyà kan bá já irun wọn, ọ̀rọ̀ tuntun nìyẹn. Inú rẹ̀ kò dùn sídìí ẹ̀rọ mọ́. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò rẹ̀ tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ.

Ó ti mọ ibi tí owó póòsì yóò ti wá. Bàbá Dàwódù náà mọ̀, àmọ́ àgbà ni, ó ń dúró dè é. Kùdírátù ló gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ.

“Bàbá, ṣé ẹ ṣì fẹ́ ẹ?”

“Kùdí, mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?”

“Kò sí, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n dán òòyà igba ó lé mẹ́wàá tó wà nílẹ̀ tán ná.”

Ó dán wọn tán ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Kó tó nu ọwọ́ rẹ̀ tán, àwọn ọkùnrin méjì ti gbé okùn dé. Ẹ̀rọ náà kò rìn ju ìgbésẹ̀ ogún lọ, láti ṣọ́ọ̀bù kan dé èkejì, ṣùgbọ́n Kùdírátù wọ inú lọ kó má baà rí i. Ó sunkún ṣókí. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹrù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Òòyà dé ilé gbogbo wọn. Ìyìn tó tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé Tóyìn tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún un, ojú ewé mẹ́fà. Ẹni tó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tọrọ àforíjì. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, Kùdírátù gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ó ká ojú ewé mẹ́fà náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Orúkọ rere kì í sanwó ṣọ́ọ̀bù. Kò tó oṣù kan tí Bàbá Dàwódù fi rí i pé èèkù ọ̀bẹ òun ń fọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ náà, torí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ó pe Kùdírátù, ó dá owó oṣù fún un, kì í ṣe owó yẹ̀yẹ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ó padà jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ti jókòó sí fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ń dán èèkù ọ̀bẹ fún ọlọ́bẹ.

Níbẹ̀ ni Tóyìn bá a ní ọjọ́ Ajé kan. Ó gun ọ̀kadà wá láti Ikeja, kò tilẹ̀ jókòó. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Jámánì ti rí ohun tí àwọn obìnrin onírun gígùn kọ. Wọ́n fẹ́ òòyà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Dọ́là márùn-ún márùn-ún ni àwọn fúnra wọn dá lé e, àwọn ni yóò san póòsì, páálí kan náà ni kí ó kó gbogbo rẹ̀ sí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: ọ̀sẹ̀ mélòó ni yóò gbà á láti ṣe é?

Kùdírátù pa ẹ̀rọ. Ó ní kí Tóyìn tún iye yẹn kà. Ó tún un kà.

“Ìyá Múmíìn, wọ́n ń retí èsì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni kí n kọ?”

Kùdírátù wo ọwọ́ rẹ̀ tí eruku èèkù ọ̀bẹ bò, ó wo òkìtì tí wọ́n ní kó dán tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó wo ẹnu ọ̀nà níbi tí Bàbá Dàwódù ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

“Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù di ọ̀la,” ó wí. “Mo fẹ́ kọ́kọ́ bi ọ̀gá mi.”